Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó rù: oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ ìsanrajù

"Bí ó bá ṣe pé mo mọ bí mo ṣe lè rù fúnra mi ni, ṣé mo máa wá bá yín?" Ìbéèrè yìí kì í wọ́n lẹ́nu ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìsanrajù fún, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tó ń sọ àpò oúnjẹ di kékeré kí èèyàn lè rù. Bí kò bá bi dókítà, á bi ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá délé. Ìbéèrè náà sì bọ́gbọ́n mu. Wọ́n ní kí ẹ wá ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí pé ẹ ti gbìyànjú oúnjẹ, ẹ ti gbìyànjú eré ìdárayá, kò sí èyí tó dúró. Wọ́n tún wá ní kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko jẹ oúnjẹ tí kò tó ìdajì èyí tí ẹ ń jẹ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi abẹ kàn yín. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn sanwó mọ́tò tán, tí dẹ́rẹ́bà ní kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn dé ìdajì ọ̀nà.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn èèyàn kó pọ̀ tí wọ́n ń pè ní "dáyẹ́ẹ̀tì". Èkíní ni ìwọ̀n tí àwọn ilé ìwòsàn kan ní kí èèyàn dín kù láàárín oṣù mélòó kan kó lè fi hàn pé òun ṣe tán. Èkejì ni oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn, èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù lónìí. Ẹ̀kẹta ni ààwẹ̀ wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó kun èèyàn lóorun. Iṣẹ́ tí kálukú wọn ń ṣe yàtọ̀, ewu inú wọn sì yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú èkíní kúrò lọ́nà. Kò sí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ó yẹ kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ du èèyàn nítorí pé kò rù tó iye kan láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹgbẹ́ ASMBS, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé tako àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń fi irú òfin bẹ́ẹ̀ dènà aláìsàn. Kì í ṣe pé rírù ṣáájú kò dára o. Ẹni tó bá rù díẹ̀, tó ń rìn, tí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, ara rẹ̀ á gba oorun abẹ́rẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìdí tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn kò ṣeé fi ṣeré.

Ta ni wọ́n ń ṣe é fún?

BMI, ìyẹn ìṣirò tó ń fi ìwọ̀n ara èèyàn wé gíga rẹ̀, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ fi gíga yín ní mítà ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ pín ìwọ̀n yín ní kílò. Ẹni tó ga ní mítà 1.65 tó sì wọn kílò 118: 1.65 lọ́nà 1.65 jẹ́ 2.72, tí a bá fi pín 118, a rí 43. Láti 1991 ni ìlànà Amẹ́ríkà ti sọ pé iṣẹ́ abẹ yìí wà fún ẹni tí BMI rẹ̀ bá tó 40, tàbí 35 bí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ní 2022, ASMBS àti IFSO tó jẹ́ ti àgbáyé sọ ọ́ di 35 kódà bí kò bá sí àìsàn kankan, àti 30 fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà irú kejì.

Irú iṣẹ́ abẹ méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní sleeve, wọ́n ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò oúnjẹ kúrò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó kù á tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Nínú bypass, wọ́n ń ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè, tí kò ju mílílítà 30 tàbí bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì so ìfun mọ́ ọn tààrà. Èkó àti Àbújá ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é ní Nàìjíríà wà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó ni pé ilé ló ti máa ṣe ọ̀sẹ̀ méjì náà, òun àti ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ nìkan, láìsí nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ ọ. Ìdí rèé tó fi yẹ kó yé e dáadáa.

Kí ló kan ẹ̀dọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ikùn?

Bí ẹ bá ti rí ẹ̀dọ̀ màlúù lórí tábìlì alápatà ní Ọjà Ọba rí, ẹ mọ̀ pé ó pẹlẹbẹ, ó sì fẹ̀. Tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ló jókòó sí, ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ nà kọjá sí àárín, ó sì bo orí àpò oúnjẹ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí ewé bo ẹ̀kọ. Ibi tí ó bò yẹn gan-an ni oníṣẹ́ abẹ ń wá.

Lára ẹni tó sanra púpọ̀, ọ̀rá máa ń wọnú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ náà á tóbi, á wúwo, á sì rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ihò kéékèèké, bíi márùn-ún, ni wọ́n ń lu sí ikùn fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n á fẹ́ gáàsì sínú ikùn kó lè wú sókè, wọ́n á ti kámẹ́rà bọ ihò kan, irinṣẹ́ bọ àwọn yòókù. Irin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbé ẹ̀dọ̀ sókè kúrò lójú ọ̀nà. Bí ẹ̀dọ̀ bá kéré tó sì le bó ṣe yẹ, ó gbé e láìsí wàhálà. Bí ó bá tóbi tó sì kún fún ọ̀rá, nǹkan méjì ló lè ṣẹlẹ̀: irin náà á ya á, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn síbi tí kámẹ́rà ń wò; tàbí kó má ṣeé gbé tó láti rí òkè àpò oúnjẹ rárá. Nígbà náà oníṣẹ́ abẹ máa la ikùn gbooro, tàbí kó dá iṣẹ́ náà dúró, kó rán ihò padà, kó sì ní kí ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ti sanwó, wọ́n ti kun yín lóorun, ẹ jí, kò sì sí ohun tí wọ́n ṣe.

Báwo wá ni oúnjẹ ṣe ń mú ẹ̀dọ̀ súnkì láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá? Ẹ̀dọ̀ ni àká tí ara ń kó ṣúgà pamọ́ sí. Orúkọ tí wọ́n ń pe ṣúgà inú àká yìí ni glycogen, ó sì tó nǹkan bí 100 giráàmù nínú ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹun yó. Ṣúgà yìí kì í dá jókòó: giráàmù kan rẹ̀ ń fa omi bíi giráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bí ẹ bá dín iyán, ẹ̀bà, ìrẹsì àti ohun dídùn kù gan-an, ara á ṣí àká, á máa ná ohun tó wà níbẹ̀, omi rẹ̀ á sì bá a lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ jó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tó jáde ní 2006, fi àwọn èèyàn sórí oúnjẹ tí kàlórì rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ, kéré gan-an fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n sì ń ya àwòrán ẹ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀dọ̀ wọn súnkì ní nǹkan bí ìdá 19 nínú 100, ṣùgbọ́n ìdá 80 nínú 100 súnkì yẹn ló ti ṣẹlẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tó parí. Ibẹ̀ ni ìdí ọ̀sẹ̀ méjì wà. Fún ẹni tí BMI rẹ̀ bá ga ju 50 lọ, tàbí tí wọ́n ti rí i pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tóbi jù, wọ́n lè sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ọ̀nà tí àká fi ń ṣófo náà ló fi ń kún, kì í sì í pẹ́ kún. Ẹni tó ṣe ọjọ́ mẹ́tàlá dáadáa, tí wọ́n wá se iyán ìdágbére fún lọ́jọ́ kẹrìnlá "nítorí kò ní í lè jẹ ẹ́ mọ́", ṣúgà àti omi ti padà sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó dé orí tábìlì. Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, oúnjẹ ìdágbére ló wọ́pọ̀ jù, àwọn tó fẹ́ràn aláìsàn náà ló sì sábà máa ń sè é.

Ohun tó wà nínú 1000 kàlórì

Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni kàlórì 800 sí 1000 lójúmọ́, oúnjẹ onítáàṣì àti ṣúgà tí kò kọjá 100 giráàmù, àti purotéènì tó tó 60 sí 80 giráàmù, ó kéré tán. Purotéènì yìí ni kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀, nítorí bí ó bá kéré, ẹran ara yín ni ara á máa jẹ dípò ọ̀rá, egbò iṣẹ́ abẹ kò sì ní í tètè jinná. Ìdí nìyẹn tí gbígba ààwẹ̀ lásán, tàbí mímu ògì nìkan, kò fi lè rọ́pò oúnjẹ yìí. Omi àti àgbàdo ni ògì. Ṣúgà ló ń gbé wọlé, purotéènì inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká fi iyán wọ̀n ọ́n, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Àkúrẹ́ là ń bá wí. Iṣu sísè ní táàṣì tó tó 27 giráàmù nínú 100 giráàmù rẹ̀. Iyán tó bá wúwo tó 400 giráàmù, èyí tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa jẹ lọ́sàn-án láìbẹ̀rù, ti ní táàṣì 108 giráàmù nínú. Ẹ ò tíì bu ọbẹ̀, gbogbo ti ọjọ́ náà ti tán. Pupuru, ẹ̀bà, láfún àti àmàlà kò yàtọ̀. Àwọn kan á ní àmàlà àgbagbà tí kò pọ́n kò ní ṣúgà. Òótọ́ ni pé kì í tètè gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè bíi ti ẹ̀bà, ṣùgbọ́n táàṣì ni, ẹ̀dọ̀ sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ìgò mínírà sẹ̀ǹtílítà 50 kan ní ṣúgà tó lé ní 50 giráàmù, ìyẹn ìdajì ọjọ́ nínú ohun tí èèyàn mu láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ibi kejì tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni epo. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan, yálà epo pupa tàbí òróró, jẹ́ nǹkan bí 120 kàlórì. Ìyàwó ilé tó fi ìkòkò sórí iná kì í ka ṣíbí, ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣíbí mẹ́rin ti tó ìdajì kàlórì ọjọ́ kan. Ẹ̀gúsí náà kún fún epo tirẹ̀: 100 giráàmù rẹ̀ lé ní 500 kàlórì. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀pà yíyan bákan náà, bó ti wù kó kéré lójú tó.

Kí ló wá kù? Ó kù púpọ̀, àgbègbè wa yìí ló sì rọrùn jù láti ṣe é, nítorí ẹ̀fọ́ kò wọ́n níbí. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, wọ̀rọ̀wọ́, ẹ̀bọ́lọ̀, ewúro, ewédú, ilá: ẹ lè jẹ èyíkéyìí nínú wọn dáadáa. Ẹ fi omi díẹ̀ dípò epo yí àlùbọ́sà lórí iná, ẹ da ata rodo àti tàtàṣé lílọ̀ sí i, kí ó gbẹ, kí ẹ tó fi ṣíbí tíì kékeré kan epo sí i. Irú àti edé ni yóò ṣe iṣẹ́ adùn tí epo ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi ìwọ̀nba irú sí i bí ẹni ń ṣahun. Máàgì àti iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́, pàápàá ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ọjọ́ kan lè rí báyìí. Láàárọ̀: ẹyin sísè méjì, tòmátì àti àlùbọ́sà tí a bọ̀ díẹ̀, pẹ̀lú ife wàrà tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò, mílílítà 200, láìsí ṣúgà. Lọ́sàn-án: èpìyà tàbí páńlà tútù tí kò ní egungun tó 100 giráàmù, ìyẹn bíi fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ láìka ìka, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ kún àwo àti ẹ̀wà sísè ṣíbí ńlá mẹ́rin. Nírọ̀lẹ́: àyà adìyẹ 100 giráàmù tí a ti bó awọ rẹ̀, nínú ata olómi, pẹ̀lú ilá àti ègé iṣu kékeré kan tí kò ju 80 giráàmù lọ. Láàárín wọn: ife yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà, àti ègé ìbẹ́pẹ kan. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀, ó súnmọ́ 1000 kàlórì, táàṣì rẹ̀ kò tó 90 giráàmù, purotéènì rẹ̀ sì lé ní 80. Ẹja Títù dára, ṣùgbọ́n ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ ju ti páńlà lọ, nítorí náà kí ègé rẹ̀ kéré sí i. Mọ́ínmọ́ín tí a kò da òróró sí lè rọ́pò ẹ̀wà, kì í ṣe kó kún un. Àkàrà kò bọ́ sí i rárá: ó ń mu epo bí kànrìnkàn.

Àwọn ilé ìwòsàn kan á fún yín ní ìyẹ̀fun purotéènì tí a ń pò mọ́ omi dípò oúnjẹ, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lóòjọ́. Ó dára, ó sì mú ìṣirò kúrò lọ́rùn yín. Kí ẹ sáà ka ẹ̀yìn agolo rẹ̀: àwọn kan tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń gbé irin kí wọ́n lè sanra ní ṣúgà púpọ̀ nínú. Tíì "ìfúnkùn" tí wọ́n ń polówó kiri kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fà, ó sì ń fa potassium, èròjà kan tí ọkàn nílò, jáde kúrò lára. Ọkàn tí potassium rẹ̀ kéré lè máa lù ségesège lábẹ́ oorun abẹ́rẹ́. Irú àgbo yòówù kó jẹ́, àti bítàsì, ẹ dá wọn dúró, kí ẹ sì sọ fún dókítà ohun tí ẹ ti ń mu bọ̀. Ọtí náà dúró, sìgá ti yẹ kó dúró láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn.

Omi: lítà méjì lóòjọ́. Píọ̀ wọ́tà mẹ́rin tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50 ni. Ẹ̀yin tó ní àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn, ẹ béèrè iye tiyín lọ́tọ̀, àti iye purotéènì pẹ̀lú. Aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn kò gbọ́dọ̀ ṣe oúnjẹ yìí.

Oògùn: ibi tí ewu gidi wà

Bí a bá ní kí ẹ ka ẹyọ ibì kan péré nínú àlàyé yìí, ibí yìí ni. Oúnjẹ yìí máa ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ kíákíá, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó ń gún insulin, tàbí tó ń lo oògùn ṣúgà oníhóró bíi glibenclamide, gliclazide tàbí glimepiride, tó sì ń lò ó ní ìwọ̀n tó ń lò nígbà tó ń jẹ iyán, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi pé yóò dákú. Dókítà ló gbọ́dọ̀ dín oògùn náà kù kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ tí wọ́n ń fún yín ní ìwé oúnjẹ. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ bi wọ́n. Ẹ má fi ọgbọ́n orí dín in kù fúnra yín, ẹ má sì dá insulin dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ máa fi ẹ̀rọ ìka wọn ṣúgà lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́ bí ẹ bá wà lórí insulin. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀ ju 70 mg/dL lọ, tàbí tí òógùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í bò yín, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ojú ń ṣú, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́rin mọ́ omi, ẹ mu ún, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Èyí kì í ṣe bíba ètò jẹ́. Kí ẹ wá pe dókítà lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì.

Oògùn ṣúgà kan tún wà tí tirẹ̀ yàtọ̀: dapagliflozin àti empagliflozin. Tí èèyàn bá ń lò wọ́n tí kò jẹ táàṣì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè kan bí ọtí kíkan nígbà tí ṣúgà rẹ̀ kò ga rárá, kò sì ní í sí ẹni tó fura. Ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń dá wọn dúró, àwọn dókítà kan sì ń dá wọn dúró ní ọjọ́ tí oúnjẹ yìí bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gún semaglutide lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ó lè rù gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà akunilóorun, nítorí oògùn náà ń mú kí oúnjẹ pẹ́ nínú ikùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀ náà lè pọ̀ jù nígbà tí omi ara ń wálẹ̀: bí òòyì bá ń kọ́ yín tí ẹ bá dìde, ẹ sọ ọ́. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró tó ní estrogen, wọ́n sábà máa ń dá a dúró ní oṣù kan ṣáájú nítorí ẹ̀jẹ̀ dídì, kí ẹ sì lo ọ̀nà mìíràn láàárín àkókò náà.

Ohun tí ara máa sọ, àti ohun tí ará ilé máa sọ

Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ló máa ń le jù. Orí á máa fọ́, ara á wúwo, ẹnu á máa rùn rùn kan bíi ti èso tó ti pọ́n jù. Ara tó ń jó ọ̀rá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi àti ata olómi tó ní ìwọ̀nba iyọ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Ìgbẹ́ á le. Ilá, ewédú àti omi ni oògùn rẹ̀. Ebi fúnra rẹ̀ sábà máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún.

Kílò méjì lè lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kó wá dúró gbagidi. Omi ló lọ yẹn. Ẹ má bínú sí òṣùwọ̀n, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ̀dọ̀ ṣì ń súnkì nígbà tí kílò kò mì.

Ní ti ará ilé, ìyá ọkọ á wò yín lójú, á ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́? O ti ń fọn." Bí ó bá jẹ́ àkókò Ẹ̀kìmọ̀gún ní Oǹdó ni, àsun á ti máa ta sánsán láti ìta. Ẹran ni àsun lóòótọ́, ègé méjì mẹ́ta tí kò lọ́ràá kò ní í pa ètò lára, ṣùgbọ́n ta ló ń jẹ ègé mẹ́ta? Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò lè dúró nídìí agbada, ẹ bá àwọn ilé ìwòsàn sọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tí kò ní í bọ́ sí ìgbà ọdún tàbí ìgbéyàwó.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ọ̀sẹ̀ méjì yìí ń kọ́ni tí ìwé oúnjẹ kì í sábà kọ sílẹ̀ fún wa: jíjẹ. Ọmọ Yorùbá kì í jẹ òkèlè, gbígbé la ń gbé e mì. Eyín kò mọ̀ pé iyán kọjá. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, òkèlè tí a kò rún á há sí ẹnu ọ̀nà àpò kékeré yẹn, àyà á máa dun èèyàn, itọ́ á máa dà lẹ́nu, títí yóò fi bì í jáde. Nítorí náà, láti ìsinsìnyí, kí ẹ fi ogún ìṣẹ́jú sí ìdajì wákàtí jẹ àwo kékeré kan, kí ẹ rún gbogbo nǹkan títí yóò fi kúnná bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ má mu omi mọ́ ọn, kí ẹ dúró fún ìdajì wákàtí lẹ́yìn oúnjẹ kí ẹ tó mu ún. Ó ń sú èèyàn lọ́jọ́ kìíní.

Ìrìn àjò àti alẹ́ tó kẹ́yìn

Láti Àkúrẹ́ gba Iléṣà àti Ìbàdàn dé Èkó, wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni èèyàn ń fi jókòó. Ẹni tó sanra tó jókòó pẹ́, tí kò mu omi, ẹ̀jẹ̀ lè dì ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ rìnrìn àjò ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà dúró lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán kí ẹ lè rìn díẹ̀, ẹ sì di ẹyin sísè àti omi lọ́wọ́, nítorí búrẹ́dì àti mínírà ni ọ̀nà yẹn ń tà.

Ààwẹ̀ ti wá kàn wàyí. Tirẹ̀ kò kan ẹ̀dọ̀. Bí oúnjẹ bá wà nínú ikùn nígbà tí wọ́n kun èèyàn lóorun, ó lè padà wá sókè kó sì wọnú ẹ̀dọ̀fóró, èyí sì lè pa èèyàn. Òfin gbogbogbòò ni wákàtí mẹ́fà láìsí oúnjẹ, wákàtí méjì láìsí omi. Bí ilé ìwòsàn yín bá ní láti aago méjìlá òru, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Oúnjẹ ni ògì. Oúnjẹ ni wàrà, oúnjẹ ni tíì tí a fi wàrà sí. Omi tó mọ́, tàbí tíì lásán tí a lè rí ìsàlẹ̀ ife rẹ̀, nìkan ló wà lábẹ́ òfin wákàtí méjì. Oògùn tí wọ́n bá ní kí ẹ lò láàárọ̀, ẹ fi omi ẹnu kan gbé e mì.

Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, bóyá iyán ní ọjọ́ kẹwàá tàbí ife ògì láago márùn-ún ìdájí, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé yín wọlé. Ti iyán, wọ́n lè ya àwòrán ẹ̀dọ̀ wò, tàbí kí wọ́n fi ọjọ́ mélòó kan kún un. Ti ògì, wọ́n á sún yín sí ọ̀sán.